Ìtanràn Kan Náà fún Kòròpé àti Jíìpù?

Ẹni tó bá ń ti Àgbàdo bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún un. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta á ti há láti Kọ́lá, ọkọ̀ á máa wọ́ bí ìgbín dé Mẹ́íran, kí wọ́n sì tó dé Abúlé-Ẹ̀gbá, oòrùn á ti mú, inú á ti bí gbogbo èèyàn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà BRT, tó wà fún bọ́ọ̀sì akérò nìkan, ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó ti ń gbé èrò lọ sí Òṣòdì láti ọdún 2020. Á ṣófo, á nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkọ̀ tí kò lè mira. Dírẹ́bà kòròpé á wò ó, ọkàn á fà á. Ẹni tó jókòó sínú jíìpù onígíláàsì dúdú náà á wò ó. Bí àwọn méjèèjì bá yà sí i, tí ọwọ́ LASTMA, àjọ tó ń rí sí ìrìnnà ọkọ̀ ní Èkó, sì tẹ̀ wọ́n, iye kan náà ni òfin ní kí wọ́n san: ₦70,000.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó tó kéré jù lọ báyìí ni ₦85,000. Bó bá san ìtanràn yẹn tán, ₦15,000 ló kù tó máa fi gbé oṣù dé òpin, owó ilé, owó iléèwé ọmọ àti owó gáàsì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gba mílíọ̀nù márùn-ún lóṣù ńkọ́? Nínú ọgọ́rùn-ún náírà tó bá wọlé fún un, ìtanràn náà kò gbà tó náírà méjì. Àwọn méjèèjì ṣẹ̀ sí òfin kan náà, wọ́n gba rìsíìtì kan náà, àmọ́ ọ̀kan ló jìyà. Èkejì kàn sanwó ibodè gba ojú ọ̀nà tó yá ni, bóyá á sì tún san án lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bí ìpàdé bá tún ká a mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láyé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ní erékùṣù Åland tó wà lábẹ́ orílẹ̀-èdè Finland, ọlọ́pàá dá oníṣòwò ńlá kan tó ń jẹ́ Anders Wiklöf dúró. Kìlómítà 82 ní wákàtí kan ló ń sá níbi tí òfin ti ní 50. Wọ́n ní kó san 121,000 yúrò, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tó máa san irú owó bẹ́ẹ̀. Bàbá náà ní òun kábàámọ̀, ó sì ní òun lérò pé ètò ìlera ni wọ́n máa ná owó náà lé.

Láti ọdún 1921 ni Finland ti ń ka ìtanràn ní ọjọ́. Wọ́n á mú owó tó kù lọ́wọ́ èèyàn lóṣù lẹ́yìn owó orí, wọ́n á yọ 255 yúrò kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á wá pín ìyókù sí ọ̀nà 60. Ohun tó bá jáde ni ìtanràn ọjọ́ kan. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá ṣe wúwo tó ni iye ọjọ́ ṣe máa pọ̀ tó. Ẹni tí 2,055 yúrò bá kù lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù, ọgbọ̀n yúrò ni ọjọ́ kan tirẹ̀. Ti Wiklöf, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Iye ọjọ́ kò yàtọ̀ láàárín olówó àti tálákà. Owó tó wà nínú ọjọ́ náà ló yàtọ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é fún o: ẹni tó bá kàn fi díẹ̀ kọjá ìwọ̀n eré, iye tó wà nílẹ̀ fún gbogbo èèyàn ni yóò san níbẹ̀ náà.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí ní Òkè-Odò á rẹ́rìn-ín, á ní ti òyìnbó nìyẹn. Àmọ́ Èkó pàápàá ti ní ìjìyà tí ọrọ̀ ẹni ń sọ bó ṣe máa dunni tó. Orí ló kàn fi dúró, ó gbé ẹsẹ̀ sókè.

Ìjìyà náà ni ti ẹni tó bá gba wanwéè. Òfin ìrìnnà tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá buwọ́ lù ní oṣù kẹjọ ọdún 2012 ní kí ẹni tó bá kọjú ọkọ̀ sí ibi tí ọkọ̀ ń bọ̀ lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan, kó sì ṣe mẹ́ta bó bá tún ṣe é. Òfin tó rọ́pò rẹ̀ nígbà ìjọba Akinwùnmí Àḿbọ̀dé ní 2018 kò jẹ́ kí ọkọ̀ náà padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín: ìjọba á gbẹ́sẹ̀ lé e, wọ́n á sì tà á. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n ta irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbàǹjo. Fídíò ọkùnrin kan tó dúró níbẹ̀, tó ń bẹ̀bẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ta ọkọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀ kòrókòró, tàn ká gbogbo Nàìjíríà. Ó ṣẹ̀, kò sí àní-àní. Wanwéè ń pààyàn, ẹni tí wọ́n bá sì ti fi kọlu ọmọ rẹ̀ kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àánú. Síbẹ̀, kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn? Bí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá wà lọ́wọ́ èèyàn, tó jẹ́ òun ló fi ń wá oúnjẹ ọmọ, tó sì lè jẹ́ pé owó àjọ ni wọ́n fi rà á, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n tì pa yẹn, àpótí owó rẹ̀ ni wọ́n kó yẹn. Ẹni tí ọkọ̀ mẹ́rin wà nínú ọgbà rẹ̀ á bínú, á pe lọ́yà, á sì gbé èkejì jáde lọ́jọ́ kejì.

Nígbà kan rí, wọ́n tiẹ̀ ń ní kí àwọn tó gba wanwéè lọ rí dókítà ọpọlọ. Èèyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ṣùgbọ́n ó kéré tán, orí olówó àti orí tálákà ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò.

A ò tíì sọ ti agbára. Ní oṣù keje ọdún 2012, Fáṣọlá fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti dá kọ́nẹ́ẹ̀lì ológun kan àti sájẹ́ǹtì kan dúró lójú ọ̀nà BRT. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ṣe irú rẹ̀ ní ojú ọ̀nà Badagry: ẹni tó mú tó ń gba wanwéè ní ológun lòun. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún àwọn gómìnà méjèèjì. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé gómìnà ìpínlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí òfin tó lè mú ẹni tí apá òṣìṣẹ́ LASTMA ò ká, a jẹ́ pé fún ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ́lá ní Èkó, ìtanràn kì í ṣe ₦70,000 rárá. Òfo ni.

Ṣé kí Èkó wá gbé ti Finland wọlé bó ṣe wà? Kò ní ṣiṣẹ́. Ní Finland, ọlọ́pàá tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì lè mọ iye tó ń wọlé fún èèyàn láti inú ìwé owó orí. Ní Alimọ́ṣọ́, ta ni ìjọba mọ iye tó ń wọlé fún? Tíṣà ni, nọ́ọ̀sì ni, òṣìṣẹ́ báńkì ni, àwọn tí wọ́n ti ń yọ owó orí wọn kí owó oṣù tó dé ọwọ́ wọn. Ẹni tó ń já kọ̀ǹtẹ́nà pààtì ọkọ̀ wọlé lè kọ̀wé pé agbára káká lòun fi ń jẹun. Bí wọ́n bá fi owó tó ń wọlé ṣe òṣùwọ̀n, tíṣà ló máa san ti olówó, olówó á san ti tíṣà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọsẹ̀ níbi yìí rí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1992, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ìtanràn tó ń wo àpò èèyàn. Kó tó pé ọdún kan, wọ́n ti pa á tì. Ara ohun tó bà á jẹ́ ni ti ọkùnrin kan tí wọ́n ní kó san £1,200 nítorí pé ó ju ọ̀rá ìpápánu sílẹ̀. Kò kọ iye tó ń wọlé fún un sí fọ́ọ̀mù, ilé ẹjọ́ sì fi í sí ipò olówó jù lọ. Nígbà tó ṣàlàyé ara rẹ̀ tán, owó náà já sí £48. Ìwé ìròyìn fi ètò náà ṣe ẹlẹ́yà títí ó fi kú. Síbẹ̀, láti oṣù kẹrin ọdún 2017, ọmọ Yorùbá tó bá sá eré tó burú jù ní Peckham, tó sì dé iwájú adájọ́, owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó dá iye, ó sì lè ju owó ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́dọ̀ kọjá £1,000 lójú títì lásán tàbí £2,500 lójú ọ̀nà márosẹ̀. Wọn ò fi ohun kan ṣoṣo tó bàjẹ́ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ nù.

Ìṣòro tó le jù ní Èkó kò sí ní Finland. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ níbí lè má ni ọkọ̀. Dírẹ́bà dánfó ní iye tó gbọ́dọ̀ kó fún ọlọ́kọ̀ lálẹ́, yálà èrò pọ̀ tàbí kò pọ̀, yálà agbèrò gba tirẹ̀ nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́wàá. Iye yẹn ló ń lé e wọ ọ̀nà BRT. Nínú jíìpù, dírẹ́bà ló di sítíárì mú, ọ̀gá wà lẹ́yìn, ó ń tẹ fóònù, ó sì ń sọ pé àwọn ti pẹ́. Bí a bá ní kí ìtanràn wo ọrọ̀ awakọ̀, ọrọ̀ ta ni? Dírẹ́bà jíìpù yẹn lè máà gba ju ẹni tó ń wa kòròpé lọ. Òfin tó bá wo àpò ẹni tó di sítíárì mú á jẹ́ kí ọ̀gá lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé ọkọ̀ ló yẹ kó tẹ̀ lé.

Ìwé ọkọ̀ náà sì ti ní òṣùwọ̀n nínú. Gbogbo ẹni tó bá ti tún pátíkúlà ṣe rí mọ̀ pé iye tí wọ́n ń gbà wà lórí bí ẹ́ńjìnì ṣe tóbi tó. Ọlọ́kọ̀ kékeré kì í san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ra jíìpù. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ìrẹ́jẹ. Òfin owó orí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026, ní kí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún má san kọ́bọ̀, kí àwọn tó ga jù sì dé náírà 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Orílẹ̀-èdè kan náà tó gbà pé owó orí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọgbọọgba wá ń jẹ́ kí ìtanràn jẹ́ ọgbọọgba. Kò ní ìdí kan tó yè kooro.

Ẹ́ńjìnì nìkan kò tó, ká sòótọ́. Jíìpù tòkunbọ̀ tó ti lo ogún ọdún lè ní ẹ́ńjìnì tó tóbi ju ti ọkọ̀ tuntun tó wọ́n ní ìlọ́po mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Àgbàdo ló sì ń fi irú jíìpù àgbà bẹ́ẹ̀ kó ọmọ lọ síléèwé. Ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, àti bóyá èrò ni ọkọ̀ náà ń kó. Kò ní pé, ṣùgbọ́n yóò sàn ju kí gbogbo èèyàn san ₦70,000.

Àwọn kan á sọ pé bí ìtanràn bá ṣe ń gòkè ni owó ẹ̀yìn ń gòkè. Òótọ́ ni. Bí òṣìṣẹ́ kan bá lè kọ̀wé ₦500,000 fún jíìpù, ẹ wo bí ìdúnàádúrà á ṣe dùn tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ìtanràn tó ń wo ọrọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó dúró lójú pópó. Ní 2025, ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà mú àwọn tó ń sáré jù ní ibi bíi Alápẹ́rẹ́, tí ìtanràn ₦50,000 sì ń balẹ̀ sórí fóònù ẹni tó ni nọ́ńbà ọkọ̀. Ariwo pọ̀ lórí ẹ̀. Àmọ́ kámẹ́rà ti yanjú ohun méjì tó le jù lẹ́ẹ̀kan náà: kì í gba rìbá, ọlọ́kọ̀ ló sì ń wá, kì í ṣe dírẹ́bà. Ohun tó kù ni kí kọ̀ǹpútà tó mọ orúkọ ọlọ́kọ̀ mọ irú ọkọ̀ náà pẹ̀lú, kó sì dá iye lé e. Ẹni tó bá fi aṣọ bo nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀, kí ìyẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó wọ́n jù lọ nínú ìwé.

Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tó wà ní Aláúsá lè ṣe láìra kámẹ́rà kankan. Kí wọ́n yọ gbígbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ kúrò fún ẹni tó gba wanwéè nígbà àkọ́kọ́ láìpa ẹnikẹ́ni lára, kí wọ́n fi ìtanràn tó lágbára rọ́pò rẹ̀, èyí tí èèyàn lè san díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ìbáà ṣe dírẹ́bà dánfó tàbí ọ̀gá tó ń fúnra rẹ̀ wa jíìpù. Láàárín ìgbà yẹn, kí ọ̀gá náà wọ BRT láti Abúlé-Ẹ̀gbá, tàbí kó rìn dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin Àgbàdo, níbi tí Red Line ti ń gbé èrò lọ sí Oyíngbò láti oṣù kẹwàá ọdún 2024.