Ìṣẹ́jú àáyá kan ni báǹkì fi ń yọ owó, oṣù mélòó ni yóò fi dá a padà?

Owó tó ń jáde lápò oníbàárà báǹkì ní Nàìjíríà kì í pariwo. Náírà 50 lónìí, náírà 100 lọ́la, náírà 6 fún álẹ́ẹ̀tì, owó VAT lórí owó tí wọ́n ti kọ́kọ́ yọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹni tó bá gba ìwé àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ̀ lópin ọdún, tó sì jókòó ti ẹ̀rọ ìṣirò, ni yóò mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ náà ti wà láàárín ọgbà tipẹ́. Àwọn kan nínú owó wọ̀nyí bófin mu. Àwọn mìíràn kò bófin mu rárá. Láti mọ èyí tó bófin mu yàtọ̀ sí èyí tí kò bófin mu kò rọrùn fún ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ báǹkì, kò sì sí báǹkì kan tó jọ pé ó ń wá bí yóò ṣe rọrùn.

Ṣùgbọ́n yíyọ owó náà nìkan kọ́ ni ẹjọ́ tó wà nílẹ̀. Ibi tí ìyà náà ti pọ̀ jù ni ìgbà tí ọlọ́wọ́ bá béèrè owó rẹ̀. Nígbà tí báǹkì bá fẹ́ yọ owó tí kò tọ́, kọ̀ǹpútà ló ń lò, gbogbo oníbàárà ni yóò sì kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ó bá di ká dá owó padà, ẹni kọ̀ọ̀kan ni yóò wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, tí yóò kọ̀wé, tí yóò tò sórí ìlà, tí yóò sì máa padà wá. Ká ní báǹkì kan ní oníbàárà mílíọ̀nù 10, tó sì fi àṣìṣe yọ náírà 50 péré lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan. Mílíọ̀nù 500 náírà nìyẹn. Ká ní ẹgbẹ̀rún kan nínú wọn rí i, tí wọ́n bínú, tí wọ́n sì jà títí tí wọ́n fi gba tiwọn padà: ẹgbẹ̀rún lọ́nà 50 náírà péré ni báǹkì yóò dá padà. Ibo wá ni ìyókù wọlé sí? Báǹkì tí kò bá kánjú fèsì kò pàdánù ohunkóhun. Bó ti ń fòní dónìí, tó ń fọ̀la dọ́la, bẹ́ẹ̀ ni iye àwọn tó ń bínú náà ń dín kù, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ ná owó ọkọ̀ láti Mọ́níyà dé Dùgbẹ̀ nígbà mẹ́ta nítorí náírà 50.

Òfin kò ṣàìsọ̀rọ̀ lórí èyí. Ìlànà tí Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, CBN, gbé jáde lórí iye tí báǹkì lè gbà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2020. Ó sọ ọ́ kedere pé owó ìtọ́jú àkáǹtì kò kan àkáǹtì ìfowópamọ́, ìyẹn sefínsì, rárá. Àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì nìkan ló wà fún. Ó sọ pé náírà 50 lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta ni owó ìtọ́jú káàdì fún onísefínsì, àti pé ẹni tó ń san owó ìtọ́jú àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì kò gbọdọ̀ tún san ti káàdì. Owó ìfowóránṣẹ́ jẹ́ náírà 10 fún ohun tí kò ju 5,000 lọ, náírà 25 títí dé 50,000, náírà 50 fún ohun tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta, ọdún 2025, CBN fòpin sí ìgbà mẹ́ta ọ̀fẹ́ tí ènìyàn lè fi gbowó lóṣù lórí ẹ̀rọ ATM báǹkì mìíràn. Ó di náírà 100 lórí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 20 kọ̀ọ̀kan, bí ẹ̀rọ náà bá sì wà lẹ́yìn ọgbà báǹkì, wọ́n lè fi ohun tí kò ju náírà 500 lọ lé e. Ẹ̀rọ báǹkì ẹni ṣì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ohun tó bá ti yàtọ̀ sí èyí, owó ọlọ́wọ́ ni.

Àwọn tó bá ti ń lo báǹkì tipẹ́ kò ní gbàgbé COT. Ní ọdún 2013, CBN ṣèlérí pé òun yóò máa dín in kù: náírà 3 lórí ẹgbẹ̀rún lọ́dún náà, náírà 2 ní 2014, náírà 1 ní 2015, kí ó sì parẹ́ pátápátá ní 2016. Ọdún 2016 pé lóòótọ́, COT sì parẹ́. Oṣù kìíní ọdún náà gan-an ni owó ìtọ́jú àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì dé, náírà 1 lórí ẹgbẹ̀rún. Wọ́n sin òkú náà lówùúrọ̀, ó jí lálẹ́ pẹ̀lú orúkọ tuntun.

Ní ti ìfèsì, ọ̀sẹ̀ méjì ni CBN fún báǹkì láti yanjú ẹ̀sùn. Bí ẹ̀rọ ATM báǹkì mìíràn kò bá pọ owó jáde, tí wọ́n sì ti yọ ọ́ lákáǹtì, wákàtí 48 ni wọ́n ní láti dá a padà. Ti POS jẹ́ wákàtí 72. Báǹkì gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ ẹ̀sùn tí CBN ń wò, kí ó sì fún oníbàárà ní nọ́ńbà ẹ̀sùn náà. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, mílíọ̀nù kan náírà ni ìtanràn rẹ̀ lórí ẹ̀sùn kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ìdáhùn wo ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń gbọ́? «Ẹ máa bínú, sà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ fún wa ní ọjọ́ díẹ̀ sí i, a ti ń ṣiṣẹ́ lé e lórí.» Wọn kò dárúkọ nọ́ńbà, wọn kò kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ẹ̀sùn tí kò ní nọ́ńbà kò sí lójú CBN, bí kò bá sì sí, ọjọ́ mẹ́rìnlá rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n inú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn kọ́ ni ọ̀tá. Òun pẹ̀lú, òṣìṣẹ́ àdéhùn ni lọ́pọ̀ ìgbà, tí kò ní àṣẹ láti dá náírà 10 padà láìjẹ́ pé orí ọ́fíìsì fọwọ́ sí i. Àwọn tó ní àṣẹ kì í jókòó níbi tí oníbàárà ti lè rí wọn. Kí ẹni tó bá ń jágbe mọ́ ọn rántí èyí.

Àwọn báǹkì ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Wọ́n ní iná mànàmáná kò sí, epo dísù wọ́n, àwọn oníṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ń fi kún owó wọn. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, méjì nínú wọn kéde èrè tó lé ní tírílíọ̀nù kan náírà kí wọ́n tó san owó orí, fún ọdún 2024. Kì í ṣe owó álẹ́ẹ̀tì ló bí èrè náà, kí a má purọ́ mọ́ wọn. Èlé orí owó yíyá àti àwọn ìwé ìjọba wà nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó lè ka tírílíọ̀nù láìṣì í ka, báwo ni kò ṣe lè mọ ẹni tó jẹ ní náírà 50?

Ọ̀ràn CBN ló tún wá burú. Ó ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí CBN kéde pé òun ti mú kí àwọn báǹkì dá ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà padà fún àwọn oníbàárà tó fẹjọ́ sùn. Ìròyìn ayọ̀ ni wọ́n fi í ṣe, àwọn ìwé ìròyìn sì gbé e bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Bí owó tí àwọn tó fẹjọ́ sùn nìkan gbà padà bá tó bílíọ̀nù, ti àwọn tó dákẹ́ ńkọ́? Ìtanràn tí CBN sì ń bu fún báǹkì kì í wọ àpò ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Inú àlàyé kéékèèké tó wà lẹ́yìn ìwé ìṣirò ọdọọdún báǹkì ni ìròyìn rẹ̀ ń fara pamọ́ sí. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Ohun tó yẹ kí CBN ṣe kò le. Bí ẹ̀sùn oníbàárà kan bá fi hàn pé báǹkì yọ irú owó kan lọ́nà tí kò tọ́, kí àṣẹ jáde pé kí báǹkì náà wá gbogbo àkáǹtì tó ti yọ irú owó bẹ́ẹ̀, kí ó sì dá a padà pẹ̀lú èlé, láìdúró de kí ẹnikẹ́ni béèrè. Kọ̀ǹpútà tó mọ ọ̀nà tó gbà yọ ọ́ mọ ọ̀nà tí yóò gbà dá a padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni báǹkì ní láti fún olùfisùn ní èsì ìkẹyìn. Lẹ́yìn rẹ̀, Financial Ombudsman Service yóò gbọ́ ẹjọ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́, ìdájọ́ rẹ̀ sì de báǹkì bí oníbàárà bá ti gbà á. Ọ̀sẹ̀ méjì ti Nàìjíríà yá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ wọ̀nyẹn lọ lórí ìwé.

Kí ìyẹn tó ṣẹ, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kí oníbàárà gba ìwé àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ̀, kí ó sàmì sí ọjọ́ àti iye owó tí ó ń jà fún, kí ó fi ìwé tàbí ímeèlì béèrè rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ní ọjọ́. Kí ó má kúrò níwájú tábìlì láìgba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, lẹ́tà sí ẹ̀ka CBN tó ń dáàbò bo oníbàárà ló kù. Ọ́fíìsì CBN èyíkéyìí yóò gbà á, wọn kò sì gbọdọ̀ gba owó lórí rẹ̀. Ní Èkó, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn owó kékeré ti wà láti ọdún 2018 fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, ènìyàn sì lè dúró níbẹ̀ láìgba lọ́yà. Lẹ́tà tí ó kọ, nọ́ńbà ẹ̀sùn àti ìwé àkọsílẹ̀ àkáǹtì ni kí ó mú dání lọ.