Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: ẹ yé fọ́máàtì kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́!

Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn wá tipẹ́. Òní la fẹ́ sọ ọ́, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú.

Àwa Yorùbá tí a wà lókè Ọya níbí, kí ló ń jẹ́rìí pé a gbé ibí, a bímọ síbí, a sì sìnkú síbí? Ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ni, àkọsílẹ̀ owó oṣooṣù, owó ìsìnkú, àwòrán ìgbéyàwó àti ti ìkómọ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́ kan nílé akọ̀wé ni gbogbo ẹ̀ wà. Windows 7 ṣì ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, bẹ́ẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2020 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró.

Lọ́jọ́ kan, iná á lọ lójijì. Tí wọ́n bá tún tan kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ á mọ́ fofo: kò sí fáìlì, kò sí àwòrán. Á kọ ọ́ síbẹ̀ pé "temporary profile" lòun fi wọlé. Akọ̀wé á figbe ta, wọ́n á gbé e lọ bá ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Onítọ̀hún ò ní yẹ̀ ẹ́ wò fún ìṣẹ́jú márùn-ún. "Ẹ jẹ́ n fọ́máàtì ẹ̀." Ó parí! Ó gbowó, àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá sì gbé.

Irú iṣẹ́ wo nìyẹn? Fáìlì ò sọnù rárá! Windows máa ń ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń lò ó. Inú C: ló wà, lábẹ́ Users, lórí XP, abẹ́ Documents and Settings ni. Fáìlì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ NTUSER.DAT, òun ló ń tọ́jú ètò ẹni náà. Tí iná bá lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sí i, ó lè bàjẹ́. Windows ò wá ní rí yàrá ṣí, á sì fi onílé sí yàrá àlejò. Ẹrù onílé ṣì wà níbi tó kó o sí. Kọ́kọ́rọ́ ló há.

Ẹ má tọ́jú ohunkóhun sí yàrá àlejò yẹn o, torí tí ẹ bá ti jáde, ó parẹ́ nìyẹn. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un tàn bí ẹ̀ẹ̀mejì; nígbà mìíràn ó máa ń ṣí fúnra ẹ̀. Tí kò bá ṣí, ẹ wọ C:, ẹ wọ Users, ẹ ṣí èyí tó ń jẹ́ orúkọ yín, kí ẹ kó Desktop, Documents àti Pictures sórí fláàṣì. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹni tó mọṣẹ́ wọ ProfileList nínú registry, kó tún èyí tó ní .bak nídìí ṣe, tàbí kó ṣí user tuntun kó sì kó ẹrù síbẹ̀. Àmọ́ tí hard disk bá ń dún kó-kó-kó, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ẹ pa á kíákíá, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Àwọn kan á ní kọ̀ǹpútà ti gbó, ẹ ra tuntun. Ó dáa, ẹ rà á. Ṣé tuntun mọ ẹni tó dá owó lọ́dún 2012? Àwọn mìíràn á ní oúnjẹ ni atúnkọ̀ǹpútà ń wá. Àwa náà mọ̀. Kó gbowó sùúrù rẹ̀, a ó san án, ṣùgbọ́n kó má fi ìkánjú ba ti wa jẹ́.

Ohun tí a ń bèèrè ò le. Kí gbogbo ẹgbẹ́ sọ ọ́ dòfin: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọ́máàtì àfi tí wọ́n bá ti kó fáìlì síta, tí ẹni méjì sì ti ṣí i wò. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí òmíràn wà lọ́wọ́ akápò.

Lọ́la, àwọn ọmọ wa á bi wá pé àwọn wo ló ṣáájú wọn dé ìlú yìí. Ṣé a máa sọ pé wọ́n ti fọ́máàtì wọn ni?