Ẹ Má Gé Wáyà, Ẹ Wá Ìdí Ìró

Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí àwa fi ń kó ìwé káàkiri àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn fi ń ké sí wa. Bí a bá ń lọ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kẹ́kẹ́ a pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Màpó, tàbí tí a bá tẹ bíréèkì lójijì, yóò dún pí, pí, pí, iná pupa kan yóò sì tàn níwájú awakọ̀. Kí a tó tẹjú mọ́ ọn, ó ti kú.

Mẹkáníìkì kìíní tí a tọ̀ lọ kò bi wá ní ohunkóhun. Ó ní òun yóò gé wáyà rẹ̀ kí etí wa lè sinmi. Èkejì mú ẹ̀rọ tí ń ka àrùn ẹ́ńjìnnì jáde, ó sì kì í bọ ojú ihò tí ó wà lábẹ́ pátákó iwájú awakọ̀, irú èyí tí òfin Amẹ́ríkà ti sọ di dandan fún ọkọ̀ kéékèèké tuntun láti ọdún 1996. Ẹ̀rọ náà ní ara ẹ́ńjìnnì le. Òótọ́ ni ó sọ, nítorí kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ni ó ń ké.

Ọmọ-iṣẹ́ kan tí kò tíì gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni ó bi wá léèrè pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo ni ó máa ń dún?” Bí a ti dá a lóhùn tán, ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó sì fi ike kékeré tí òróró bíréèkì wà nínú rẹ̀ hàn wá. Òróró náà ti fà. Nínú rẹ̀ ni ohun kékeré kan ń léfòó. Bí ọkọ̀ bá dorí kodò, òróró a ṣàn síwájú, ohun náà a rì, iná a sì tàn. A ní kí ó bu òróró sí i. Ó ní ó di ìgbà tí òun bá tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò. Kò sí ibi tí ó ń jò. Ṣùgbọ́n páàdì bíréèkì ti jẹ tán, kò nípọn ju èèpo ẹ̀yìn ìwé lọ. Bí páàdì bá ṣe ń jẹ ni òróró ń lọ dí àyè tí ó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá ti gé wáyà ni, Òkè Màpó ni ìbá sọ ìyókù fún wa.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Àwọn ọmọ wa ń ka òfin Pascal lórí pé agbára tí a bá fi tẹ omi tí a sé mọ́ a máa dé ibi gbogbo nínú rẹ̀. Orí òfin yìí ni bíréèkì dúró lé, síbẹ̀ mélòó nínú wọn ni a ti mú dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rí? Ọmọ tí ó sì bi wá pé “Kí ni ìdí rẹ̀?”, tí a ní kí ó jókòó kí ó panu mọ́, wáyà ni a gé yẹn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1960 ni a gba ìdarí ọkọ̀ orílẹ̀-èdè yìí sí ọwọ́ ara wa. Ẹni tí ó di ìdarí mú tí kò mọ ohun tí ọkọ̀ ń sọ, èrò ọkọ̀ ni ó ṣì jẹ́. Àwọn àgbà ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ béèrè.