Kí Ni Ewé Oníke Ń Wá Nínú Kérésìmesì Wa?

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ wà ní Sókótó, àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Àwa tí a ti dé Sókótó ńkọ́? Kí la tún ń wá kiri?

Nígbà tí a ń múra orin Kérésìmesì ọdún tó kọjá, ẹnì kan ní òun lè mú imọ̀ ọ̀pẹ bọ̀ láti ilé, kí a so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà bí a ti ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Ariwo sọ. "Màrìwò kẹ̀? Aṣọ Ògún!" Ni a bá dáwó, a ra ewé holly oníke lọ́jà.

N kò sọ pé holly kò nítumọ̀. Ẹ̀gún etí ewé rẹ̀ ń rán àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì létí adé ẹ̀gún Jésù. Èso rẹ̀ pupa dúró fún ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀. Bí kì í sì í ti í wọ́wé nígbà òtútù, wọ́n fi ṣe àmì ìyè àìnípẹ̀kun. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ti Jésù, àwọn ará Róòmù ti ń fi í ṣe ọdún Saturn, òrìṣà wọn, nínú oṣù Kejìlá. Bí a bá lè wẹ holly mọ́, kí ló dé tí a kò lè wẹ màrìwò?

Ọ̀pẹ kì í ṣe igi Sókótó lóòótọ́, nítorí òjò ibí kò pọ̀. Dàbínù ńkọ́? Ọ̀pẹ inú Bíbélì gan-an nìyẹn! Imọ̀ rẹ̀ ni àwọn èrò mú lọ pàdé Jésù ní Jerúsálẹ́mù, nínú Jòhánù orí 12. Ẹ̀gún wà nídìí imọ̀ rẹ̀. Ọyẹ́ kì í sì í mú kí ó wọ́wé. Kí ni holly fi jù ú?

Ẹ̀yin Mùsùlùmí àárín wa mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Súrà Màríyámù, ẹsẹ 23 sí 25, sọ pé ìdí igi dàbínù ni Màríyámù wà nígbà tí ó ń rọbí Ànábì Ísà. Ní ìlú tí a ti jẹ́ àlejò yìí, ewé wo ló tún lè sọ ìtàn ìbí náà kí ó yé aládùúgbò wa jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Nítorí náà, bí Kérésìmesì bá tún dé, ẹ jẹ́ kí a tọrọ imọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni igi. Ewé oníke kò lẹ́mìí. Ẹ jẹ́ kó máa bá tirẹ̀ lọ.