Igi Píìṣì àti Igi Àgbálùmọ̀ Ẹ̀yìn Ilé Ìsùn Wa

A tọrọ àyè díẹ̀ lọ́wọ́ Olóòtú láti sọ èrò ọkàn wa lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin àwa akẹ́kọ̀ọ́ láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ti igi lọ, ṣùgbọ́n a ti rí ọ̀rẹ́ méjì tí wọn kò bá ara wọn jẹun mọ́ nítorí rẹ̀. Àwọn kan nínú wa ń fẹ́ kí a gé igi àgbálùmọ̀ tí ó wà lẹ́yìn ilé ìsùn lulẹ̀, kí a sì gbin igi píìṣì mẹ́fà sí ipò rẹ̀, kí ọgbà wa lè ní ohun tí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn kò ní. Àwa kò fọwọ́ sí i, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Kí a má baà dàbí ẹni tí ń bú ohun tí kò tọ́ wò, a jẹ́wọ́ pé èso píìṣì dùn. Èyí tí wọ́n dì sínú agolo pẹ̀lú omi ṣúgà ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí a já lórí igi ní ara tí ó rí múlọ́múlọ́ bí aṣọ àrán. Ó pọ́n ní apá kan, ó dàbí wúrà ní apá kejì, kóró inú rẹ̀ sì le bí òkúta. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ti ṣẹ̀. Àwọn ará Róòmù tí ó rí i gbà láti ọ̀nà Páṣíà ni wọ́n fi orúkọ Páṣíà pè é. Ìbátan igi álímọ́ńdì tòótọ́ ni, kì í ṣe ìbátan igi furúùtù tí ó ṣíji bo pápá ìṣeré wa, bí ẹlẹgbẹ́ wa kan ti fi ìbínú tẹnu mọ́ ọn nígbà ìjíròrò.

Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ wa gbàgbé ni pé igi píìṣì jẹ́ igi tí ń sùn. Nígbà tí òtútù bá dé ní ilẹ̀ rẹ̀, a wọ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, a sì dúró bí igi tí ó ti kú. Kò ní jí títí òtútù yóò fi pé iye wákàtí tí ara rẹ̀ ń bèèrè, èyíinì ni wákàtí tí afẹ́fẹ́ kò gbóná ju ìwọ̀n 7 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Irú tí wọ́n ń pè ní Elberta, tí ó sọ ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà di olókìkí, ń fẹ́ nǹkan bí 800 wákàtí bẹ́ẹ̀. Bí òtútù náà kò bá pé, igi yóò tọ̀ògbé bí ẹni tí a jí ní ọ̀gànjọ́ òru: ewé díẹ̀ níhìn-ín, òdòdó méjì lọ́hùn-ún, èso kò sì sí. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè, òru ọyẹ́ wo ní ilẹ̀ wa yìí ni ó tutù tó bẹ́ẹ̀? Òru tí gbogbo wa ń gbọ̀n, tí a ń da aṣọ méjì bora, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

A kò sọ èyí láti inú ìwé nìkan. Ní ọdún tí ó kọjá, ẹnì kan mú kóró píìṣì 12 wá láti òkè òkun, a sì gbìn ín sí ẹ̀bá kànga. Àwa pàápàá wà nínú àwọn tí ó ń bomi rin ín ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Oṣù mẹ́ta kọjá, ilẹ̀ kò sọ nǹkankan. Nígbà tí a wú wọn, tí a sì fọ́ èèpo líle wọn, ọ̀kan ṣoṣo ni ó hù, ó sì dúró bí aràrá, ewé rẹ̀ dì pọ̀ mọ́ra bí ìkúùkù ọmọdé, kò ga ju ìka lọ títí ó fi kú. Lẹ́yìn èyí ni a tó kọ́ pé kóró náà pẹ̀lú ń fẹ́ òtútù kí ó tó lè hù dáadáa; àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà a máa fi í sínú iyanrìn tútù nínú fíríìjì fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Abèèrè kì í ṣìnà, àwa kò bèèrè.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa a máa dá wa lóhùn pé ilẹ̀ Florida gbóná, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń já píìṣì lẹ́yìn ilé wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ná wọn. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Florida wá irú tí oorun rẹ̀ kò pẹ́, láti gúúsù Ṣáínà àti láti erékùṣù Okinawa, wọ́n sì ń bá a gbé ìyàwó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìran lé ìran. Ní ọdún 1982 ni wọ́n fi Flordaprince síta, tí 150 wákàtí òtútù tó fún. Nítorí àwọn kòkòrò aláìfojúrí inú iyanrìn wọn, tí ń mú gbòǹgbò wú kókókó, wọ́n tún wá igi mìíràn tí gbòǹgbò rẹ̀ le, tí wọ́n ń so ẹ̀ka píìṣì mọ́. Ẹni tí ó bá sì ní in lẹ́yìn ilé kò ní sinmi: ọdọọdún ni yóò rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, nítorí orí ẹ̀ka tí ó yọ ní èṣín nìkan ni ó ń so sí; yóò dá àárín rẹ̀ sí gbayawu kí oòrùn lè wọlé; yóò sì já ọ̀pọ̀ èso kéékèèké dànù, kí ìyókù lè jìnnà sí ara wọn tó ìbú ọwọ́, kí wọ́n lè tóbi. Pẹ̀lú gbogbo èyí, òtútù díẹ̀ ṣì ń bẹ ní Florida nínú oṣù Jánúárì. Tiwa kò sí.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má dán an wò láé. Ní Batu, ní erékùṣù Jáfà, níbi tí kò sí ìgbà òtútù, àwọn àgbẹ̀ a máa fi ọwọ́ já gbogbo ewé ápù wọn lẹ́yìn ìkórè, igi náà a sì tún tanná, wọ́n a kórè lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ṣùgbọ́n orí òkè ni Batu wà. Bí ẹni tí ó fẹ́ràn píìṣì láàrin wa bá rí iṣẹ́ olùkọ́ gbà ní Jos tàbí ní òkè Mambilla, kí ó gbé ọ̀kan tí oorun rẹ̀ kò pẹ́ dání; àwa yóò kọ́kọ́ kọ ìwé kí i.

Ní ti igi àgbálùmọ̀ wa, ta ni ó bi í léèrè ohun tí ó ń fẹ́ rí? Kò sí ẹni tí ó ń bomi rin ín. Nígbà ọyẹ́, kí agogo tó lù, àwọn ọmọ kéékèèké ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ti wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń ṣa èyí tí ó já bọ́ lóru. Àwa mọ ọmọ kan nínú kíláàsì wa tí kì í jẹ nǹkan mìíràn kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́. Bí a bá gé igi náà, ọmọ yìí ni ebi ìgbéraga wa yóò pa.

Wọ́n ní ó kan. A gbà, ó kan díẹ̀. Ṣùgbọ́n igi kan wà lọ́nà odò tí àgbálùmọ̀ rẹ̀ dùn bí oyin, gbogbo wa ni a sì mọ̀ ọ́n. Kí ni ó dé tí a kò lè ṣe fún igi wa ohun tí àwọn ará Florida ṣe fún tiwọn? Kóró nìkan kò tó, nítorí ọmọ igi kì í sábà jọ ìyá rẹ̀ ní adùn, ó sì ń pẹ́ kí ó tó so. Kí a gbin kóró láti fi ṣe ìdí igi, nígbà tí ó bá tó ìwọ̀n pẹ́ńsù, kí a so ẹ̀ka igi adídùn náà mọ́ ọn. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn èso ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1975. Wọn kò ní lé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá bèèrè padà.

Kóró 40 wà lọ́wọ́ wa báyìí nínú igbá lẹ́bàá ilé ìdáná. Bí wọ́n bá gbẹ, wọn kò ní hù mọ́, nítorí náà Sátidé tí ń bọ̀ ni a ó gbìn wọ́n, sí ẹ̀bá kànga níbi tí píìṣì ti kú. Kí àwọn tí ó di àáké mú náà mú ọkọ́ wá.