Kọ̀ǹpútà Orí Tábìlì Kì í Ṣe Ohun À ń Jù Nù



Púpọ̀ nínú wa ló ń ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí àwọn ọ́fíìsì ń tà ní gbàǹjo. Ohun tó dára ni. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti pa ìwé àti bírò tì, orí kọ̀ǹpútà ni àwọn ọmọ wa ti ń ṣe ìdánwò náà. Ọmọ tí kò bá fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù rí títí di ọjọ́ ìdánwò, ojú rẹ̀ á rí màbo. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ẹ̀rọ náà délé, kò ní gba Wi-Fi. Ẹni tí a pè wá wò ó yóò ní ó ti darúgbó, ká lọ ra láptọ́ọ̀pù. Èmi kò gbà.

Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ rárá. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni kò ní ẹ̀yà tí ń gba Wi-Fi nínú, nítorí wáyà ni wọ́n fi ń lò ó níbẹ̀. Ihò wáyà náà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ráútà bá wà nínú yàrá kan náà, wáyà kan ṣoṣo ti tó, ó sì lè gùn tó 100 mítà. Kò sí Wi-Fi tó dúró ṣinṣin tó o.

Bí ráútà bá wà ní yàrá mìíràn, tí onílé kò sì jẹ́ ká lu ògiri ńkọ́? Ẹ wá access point kékeré kan. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti gba íntánẹ́ẹ̀tì láti inú wáyà, kí ó fọ́n ọn sínú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n a lè yí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn padà, kí ó máa gbà á láti inú afẹ́fẹ́, kí ó sì tú u sínú wáyà. "Client" ni a ó yàn nínú ètò rẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é. A ó fún un ní orúkọ Wi-Fi ilé àti páswọ́ọ̀dù, a ó fi wáyà kúkurú so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó parí. Àdápítà USB tó kéré bí ìka náà wà, kò sì wọ́n tó o. Àmọ́ bí a bá kì í bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà lábẹ́ tábìlì, tí ògiri bulọ́ọ̀kù sì dí i, etí rẹ̀ kì í gbọ́ dáadáa. Access point ní tirẹ̀, a lè gbé e kọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá kàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi tó 50% kún owó wọn. NLC fi ìwọ́de sí ọjọ́ kẹrin oṣù kejì, kí wọ́n tó dá a dúró. Síbẹ̀, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá, ẹ ó rí ìdílé mẹ́wàá tí ń ra dátà wẹ́wẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwa tí a mọ àjọ dá, kí ló dé tí a kò lè dá ti ráútà kan? Kí páswọ́ọ̀dù rẹ̀ má sì wà lọ́wọ́ ẹni tí kò dáwó.

Kọ̀ǹpútà ẹ̀ka wa náà wà ní kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì, aṣọ ni wọ́n fi bò ó. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, èmi yóò dábàá pé kí a ra access point kan fún un, kí àwọn ọmọ wa lè máa wá kọ́ṣẹ́ JAMB níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa.