Ọmọ Tó Fẹ́ Fi Alùpùpù Sáré Ìje

Ìyá kan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ni kí òun ṣe sí ọmọ òun ọkùnrin. Ọmọ náà ń wo eré speedway àwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí fóònù, níbi tí èèyàn mẹ́rin ti ń sáré yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹrin lórí alùpùpù tí kò ní bíréèkì rárá. Ó ní iṣẹ́ tí òun máa ṣe nìyẹn. Ìyá ní òun ò rí oorun sùn mọ́.

Mi ò ní kí ìyá yìí ti ọmọ mọ́lé. Ìtàn kan ni mo fẹ́ sọ fún un, ìtòsí wa níbí ló sì ti bẹ̀rẹ̀, ní Abidjan, níbi tí wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá ní Ànàgó. Lọ́dún 1950 ni wọ́n la ipadò Vridi láti inú ọ̀sà já sí òkun, tí ọkọ̀ ojú omi ńlá fi ń rí èbúté ibẹ̀ wọ̀. Ìlú èbúté yìí ni mọ́tò àti alùpùpù ti gbéra ní ìparí ọdún 1975, tí wọ́n sáré ìje la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí Nice, nílẹ̀ Faransé.

Nígbà tí wọ́n tún sá eré náà, ọkùnrin Faransé kan, Thierry Sabine, gun alùpùpù nínú rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1977, ó ṣìnà nínú aṣálẹ̀ Líbíà. Iyanrìn níwájú, iyanrìn lẹ́yìn. Díẹ̀ ló kù kó kú kí àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfurufú wá a tó rí i.

Ṣé ó wá jókòó sílé? Rárá o. Òun ló dá eré Paris–Dakar sílẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ gbéra ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1978. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1986, hẹlikópítà tó gbé e já lulẹ̀ ní Mali lẹ́nu eré yìí kan náà. Òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn ló bá a lọ. Ẹni ọdún 36 ni.

Ìyá wa, ẹ fi ìtàn yìí bi ọmọ yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló máa kọ́ ọ? Àṣíborí rẹ̀ dà? Bó bá ṣìnà, ta ló mọ ibi tó lọ, tó máa wá a? Ìdáhùn sí ẹ̀kẹta yìí ló gba Sabine là lọ́dún 1977.

Ẹ̀yin yòókù, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìyá yìí nìkan ni. Ọmọ tó ń gun ọ̀kadà lọ ra búrẹ́dì láìdé àṣíborí, ta ló ń bi òun náà?

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.